Kò Sẹ́ni Tó Ní Kó Má Lọ

Àkàrà ni Màámi ní àwọn fẹ́ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀. Wọ́n ní ẹ̀wà tí iná mànàmáná bá lọ̀ máa ń rùn sí àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni Mopélọ́lá ṣe dúró nínú kíṣìnnì ilé wọn ní Gwarinpa, tó ń gún ẹ̀wà nínú odó kékeré tí Màámi, ìyá ọkọ rẹ̀, gbé wá láti Ìlobùú, lọ́jọ́ tó jẹ́ pé bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù tí kò tíì rí ìwé ìrìnnà rẹ̀ gbà, iṣẹ́ tó ti ń lé láti ọdún tó kọjá ti bọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta yànmọ̀tí, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Jẹ̀nífà lókè òkun, ti mú un ní agbẹnusọ wọn fún ọdún mẹ́ta. Òun ni yóò máa bá àwọn oníròyìn àgbáyé sọ̀rọ̀, òun náà ni yóò máa bá àwọn tó ń ra ọjà jókòó nígbà tí ìjà bá dé. Ìjà sì máa ń dé. Nígbà kan tó ṣì wà níṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi tó kún fún yànmọ̀tí wa padà láti èbúté ilẹ̀ Tọ́kì, pé oògùn kòkòrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, Mopélọ́lá ló dúró ti fóònù, tó ń bẹ̀, tó ń ṣàlàyé, tó ń fi ẹ̀rín halẹ̀, títí wọ́n fi gbà láti tún ọjà náà yẹ̀ wò. Inú kíṣìnnì yìí kan náà ló wà tó fi ń ṣe é, ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

Nítorí iṣẹ́ tuntun yìí, ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì ti dá ìwé ìrìnnà ìjọba padà fún wọn. Ti aráàlú ló fẹ́ gbà báyìí. Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ti gba ìtẹ̀ka rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ń bèèrè: ìwé tí ọkọ fi yọ̀ǹda kí ìyàwó gba ìwé ìrìnnà. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mò ń sọ yìí o. Òfin kankan ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà sì ń bá wọn ṣe é, a ń pè é ní ètò.

Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń mu tíì, ó ń wo fóònù. Mopélọ́lá nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó tún gbé ìwé náà síwájú rẹ̀.

"Dádì Ìtùnú, ìwé yẹn rèé. Mo ti tẹ gbogbo ẹ̀, ẹ kàn máa buwọ́ lù ú ni."

"Ṣé mo ní mi ò ní buwọ́ lù ú ni?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi ò ní wàhálà pẹ̀lú ìrìn àjò ẹ. Kódà mo ti ń fi ẹ́ yangàn níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta kì í ṣe ohun tí èmi nìkan lè dá sọ. Bùọ̀dá gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i."

"Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ yín."

"Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ń bọ̀ láti Kúbwà. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe? Jẹ́ kí àkàrà yẹn pọ̀ díẹ̀, ṣé o mọ̀ pé Bùọ̀dá máa ń jẹun."

Ó fa ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé ife tíì lé e lórí.

Ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n kí Bùọ̀dá Láníyọnu, ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀, tó dé. Wọ́n gbàdúrà sórí àga, wọ́n gbàdúrà sí oúnjẹ, wọ́n jẹ àkàrà tó lè yó èèyàn mẹ́ta, wọ́n ní ata rẹ̀ ò tó, wọ́n tún jẹ sí i. Mopélọ́lá kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi wá, ó gbé àwo lọ, ó ń wo aago tó wà lára ògiri. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ nu ẹnu tán, wọ́n pè é kó wá jókòó.

"Ìyàwó wa, a gbọ́ oríire yín. Ẹbí wa ni oríire yìí bá. Kí gan-an ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá máa ṣe lọ́hùn-ún?"

"Agbẹnusọ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, sà. Tí wọn ò bá fẹ́ ra ọjà wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń mú wọn rà á."

"Háà, wọ́n mà kúkú mọ ẹni tí wọ́n mú! Obìnrin mà mọ ọ̀rọ̀ sọ!" Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. Gbádébọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èmi ò lòdì sí i rárá. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Màámi ṣì wà láyé. A ò lè fo Màámi dá ká máa ṣe bí ẹni pé wọ́n ti kú."

Màámi ò jìnnà. Orí àga kejì ni wọ́n wà látàárọ̀, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Èmi? Kí ni tèmi níbẹ̀? Èmi arúgbó. Lọ, ìyàwó mi. Lọ, kó o bọ̀ láyọ̀. Ohun tí mo kàn ń rò nínú mi ni pé, ta ni yóò máa bọ́ ọmọ mi?"

Mopélọ́lá wo ọmọ náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ kan etí tábìlì. Ìtùnú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà ní yunifásítì.

"Màámi, wọ́n ń se oúnjẹ fúnra wọn nígbà tí mo pàdé wọn."

"Kó tó láya nìyẹn. Àti pé, má bínú o, àwọn òyìnbó tó o máa ń bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù yẹn. Mi ò ní nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo kàn ní mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín."

Mopélọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Gbádébọ̀ mọ̀ pé ará Tọ́kì tó ń ra yànmọ̀tí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló di fóònù mú sí etí ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìyẹ̀fun kún ọwọ́ obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò sọ, nǹkan á sì tán. Ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ta eyín.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí," Màámi tún ní. "Pásítọ̀ wa máa gbàdúrà sí i lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà, ọkọ ẹ á buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ á parí."

"Màámi, òní ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn. Tí wọn ò bá rí ìwé ìrìnnà mi lónìí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún níṣẹ́."

"Ohun tí Ọlọ́run bá fún ẹ, ta ló lè fún ẹlòmíì?"

"Àmín," ni Bùọ̀dá wí. "Àmín o jàre."

Ohun tó kó mi nírìíra jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sẹ́ni tó bínú. Ì bá ṣe pé wọ́n pariwo mọ́ ọn, ì bá mọ ibi tí yóò dorí kọ. Wọ́n súre fún un, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, wọ́n ń rán ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí àga kan dé orí àga kejì bí àwọn ọmọdé tó ń ju bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ. Tí ó bá wá pàdánù iṣẹ́ náà, wọn yóò bá a kẹ́dùn, tọkàntọkàn ni wọn yóò sì fi ṣe é.

Mopélọ́lá dìde, ó yọ ìwé náà kúrò lábẹ́ ife. Ìdí ife tíì ti fi àmì roboto sára rẹ̀. Ó mú báàgì rẹ̀.

"Ṣé o ò ní dúró ká fi àdúrà kádìí ẹ̀ ni?" Bùọ̀dá bi í.

"Ẹ máa bá mi gbà á lọ, sà."

Nísàlẹ̀, lẹ́nu àtẹ̀gùn, Màmá Mímídoo, aládùúgbò wọn, jókòó, ó ń fẹ́ yànmọ̀tí lórí àtẹ fún ọbẹ̀. Ará Tiv ni, opó ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sẹ́nu.

"Ìyá Ìtùnú, wọ́n ti buwọ́ lù ú?"

"Wọ́n gbàdúrà sí i."

Màmá Mímídoo pòṣé débi pé èèpo yànmọ̀tí fò kúrò lórí àtẹ. "Nígbà tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ mú ìwé ọkọ wá. Gbọ́, ìwọ obìnrin yìí. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọ̀mùtí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ní kó wá buwọ́ lùwé fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orúkọ ọlọ́tí síbẹ̀. Wọ́n sì gbà á! Ọkùnrin ni àwọn èèyàn yẹn ń wá, wọn ò wá ọkọ. Lọ bá wọn."

Ó lọ bá wọn. Nínú ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà náà, obìnrin ni ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì. Ó dé wíìgì, ó ń jẹ ẹ̀pà yíyan láti inú ìwé ìròyìn, ó sì ṣa èèpo jọ síwájú rẹ̀. Ìwé ìrìnnà Mopélọ́lá wà níbẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ń dán yinrin lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ obìnrin náà.

"Màdáámù mi, ìwé ọkọ dà?"

"Ọkọ mi ò tíì buwọ́ lù ú."

"Ó kọ̀ ni?"

"Kò kọ̀."

"Ẹ lọ bá a kó buwọ́ lù ú nígbà yẹn."

"Òfin wo ló ní kó buwọ́ lù ú, mà?"

"Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Mo ní, òfin wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ṣe lọ́yà fún mi. Tẹ́ ẹ bá ti dé òkè òkun tán, tí ọkọ yín bá wá ń pariwo níbí pé a jí ìyàwó òun gbé, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n máa bi?"

Mopélọ́lá wo òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. "Ta ló buwọ́ lu ìwé tiyín?"

Obìnrin náà pa ẹ̀pà kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ kúná kó tó tún gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ ní bàbá?"

"Wọ́n ti di olóògbé."

"Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin?"

"Èmi ni àkọ́bí. Ìyá mi wà láyé. Ọ̀gá ilé-ìwé gíga ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè buwọ́ lù ú, mo lè pè wọ́n báyìí."

"Ìyá kọ́, màdáámù. Ọkùnrin. Àbúrò ọkùnrin ńkọ́?"

Mopélọ́lá rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. "Àbúrò mi?"

"Ṣé ó ti lé lọ́mọ ọdún méjìdínlógún? Ó parí. Kó wá, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ níwájú mi."

Fọlárìn ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Inú pálọ̀ Mopélọ́lá ló ń sùn láti ìgbà tí ilé-ìwé wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀ pàápàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á fún un. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sá lọ látàárọ̀ nítorí àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mopélọ́lá pè é lórí fóònù, ọ̀kadà sì gbé e dé pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, àpá ìrọ̀rí ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Wọ́n mú yín ni?"

Ó ṣàlàyé fún un. Fọlárìn bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí èmi fún ẹ̀yin láṣẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi kànìnkànìn fọ ìdí mi?"

"Ọ̀gbẹ́ni, jókòó, kó o kọ ọ́," ọ̀gá obìnrin náà ní. "Aago mẹ́rin ò ní pẹ́ lù."

Ó jókòó. Ó mú bírò, ó wo ìwé òfìfo náà títí. Kò kọ irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Mopélọ́lá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń sọ ló ń kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ níṣẹ́ ìjọba, mínísítà ń kà á sókè bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èmi, Fọlárìn, tí mo jẹ́ ọkùnrin. Fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Àbúrò Ìyáàfin Mopélọ́lá. Rárá, kọ orúkọ mi tán ná."

"Mo ti kọ ọ́."

"Fi ìwé yìí jẹ́rìí pé mo gbà á láàyè."

Bírò náà dúró. "Kí n kọ bẹ́ẹ̀? Pé mo gbà yín láàyè?"

"Kọ ọ́, Fọlárìn."

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó buwọ́ lù ú tán, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ kọ́. Dìde nílẹ̀."

Ọ̀gá obìnrin náà ò kà á. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn gbàgà, ó ti ìwé ìrìnnà náà kọjá lórí èèpo ẹ̀pà, ó sì pe ẹni tó kàn.

Nínú ọkọ̀, Mopélọ́lá ya fọ́tò ojú ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí Jẹ̀nífà. Èsì dé kíá: wọ́n ti rí i gbà, wọ́n ń retí rẹ̀, wọ́n kí i kú oríire. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ńṣe ló ń ṣe é bí ẹni pé ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ búláòsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tan mọ́tò. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí Fọlárìn dúró de òun nísàlẹ̀, inú ọmọ náà sì dùn pé kò ní kóun gòkè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbi tó fi wọ́n sí. Wọ́n ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú fìríìjì tán.

"O káàbọ̀," Gbádébọ̀ ní, ohùn rẹ̀ dùn, ohùn ẹni tó ti múra láti rẹ èèyàn lẹ́kún. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Iṣẹ́ mìíì ń bọ̀."

"Mo ti gbà á."

"O gba kí ni?"

Ó fi ìwé ìrìnnà náà hàn án.

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Fọlárìn."

"Fọlárìn wo?"

"Fọlárìn àbúrò mi."

"Fọlárìn tó ń sùn lórí àga mi? Fọlárìn tí kò lè ra páńtì fún ara ẹ̀? Òun ló fún ìyàwó mi láṣẹ?" Gbádébọ̀ ti dìde.

"Àbùkù rèé o!" Bùọ̀dá Láníyọnu pariwo. "Àbùkù gbáà! Àwọn àna ti wá gba ipò lọ́wọ́ wa nínú ilé wa!"

Màámi ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ mi lójú mi kòrókòró! Ìlobùú á gbọ́!"

Látàárọ̀, kò sẹ́ni tó gbé ohùn sókè nínú ilé yẹn. Pé obìnrin náà fẹ́ pàdánù iṣẹ́ ayé rẹ̀ kò mú wọn dìde lórí àga. Pé orúkọ ọkùnrin mìíràn wà lórí ìwé ló mú wọn dìde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan Màámi tí orúnkún ń dùn.

"Ìwé tèmi dà?" Gbádébọ̀ ní. "Mo ní ìwé tèmi dà? Mú un wá!"

Ó yọ ọ́ nínú báàgì, ó fún un. Gbádébọ̀ já bírò gbà nínú àpò àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì buwọ́ lùwé náà tagbáratagbára débi pé ó lu. "Èmi ni ọkọ ẹ. Èmi ni mo yọ̀ǹda fún ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, o máa mú èyí padà lọ bá wọn, kí wọ́n fa ti ọmọ yẹn ya."

"Wọ́n ti fún mi ní ìwé ìrìnnà."

"Mi ò bi ẹ́ bẹ́ẹ̀! Kó wà nínú fáìlì wọn pé èmi ni! Àti ọdún mẹ́ta tó o kọ síbẹ̀ yìí, mo ti fagi lé e. Ọdún méjì ni mo yọ̀ǹda."

"Ó ṣeun," ni Bùọ̀dá wí. "Ọkùnrin nìyẹn."

Mopélọ́lá wo orúkọ ọkọ rẹ̀ lórí ìwé náà. Láàárọ̀, gbogbo ẹ̀rù tó ń bà á ni pé kò ní buwọ́ lù ú. Ó ti wá buwọ́ lù ú, kò sì gbà á ju àsìkò tí èèyàn fi ń sín lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ti rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó wọ yàrá lọ, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ.

"Ìyàwó," Màámi ké láti pálọ̀, "kò tíì sí nǹkan kan lórí iná o! Kó o sì wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ!"

Gbádébọ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó na apá kan dí ibẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ kejì.

"O ò tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo gbà fún ẹ."

Mopélọ́lá ti àpótí náà pa. Ó fà á dé iwájú rẹ̀, ó nàró. Ohùn tó fi ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́, ohùn tí kò ga tí kò sì rẹlẹ̀.

"Gbádébọ̀," ó ní, "yà lọ́nà fún mi."

Màámi gbọ́ ọ láti pálọ̀. Bùọ̀dá náà gbọ́ ọ. Gbádébọ̀ wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó yà.